Ẹ̀rọ Inú Àpò àti Iṣẹ́ Ìgbà Tí Ọwọ́ Bá Dilẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ènìyàn kì í yé bi wá, yálà ní iwájú kíláàsì, yálà lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, tàbí ní ààfin nígbà tí a bá ń dúró de ọba. Ìbéèrè náà ni pé: fóònù wo ni ó yẹ kí ènìyàn rà bí ó bá fẹ́ máa kọ ìtàn, tàbí kí ó máa ya àwòrán, tàbí kí ó máa gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀? Àwọn tí ń bi wá mọ̀ pé, yàtọ̀ sí iṣẹ́ olùkọ́ni àti iṣẹ́ àlùfáà tí a fi ń jẹun, a ní iṣẹ́ kan tí a ń ṣe nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. A ń kó oríkì orílẹ̀ jọ, a ń ya àwòrán àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kí wọ́n tó wó, a sì ń kọ àwọn ìtàn kéékèèké tí ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ fún wa lé lórí. Ìdáhùn wa kì í dùn mọ́ àwọn olùbéèrè. Ohun tí a máa ń wí fún wọn ni pé èyí tí ó wà nínú àpò yín nì tó, ó sì ṣẹ́kù.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ìdáhùn yìí, nítorí pé àwọn mìíràn tí ó gbọ́ ọ rò pé ahun ni wá, àwọn mìíràn sì rò pé àgbà tí ayé ti kọjá lójú rẹ̀ ni ó ń jowú ohun tuntun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ tiwa pẹ̀lú, òun ni a sì fi ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí a wí yìí. Ohun tí a kọ̀ ni èrò tí ó gbòde, pé ẹ̀rọ ni ó ń ṣe iṣẹ́, àti pé ẹni tí kò bá ní èyí tí ó dé kẹ́yìn kò tíì lè bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó bá gba èrò yìí gbọ́, dídúró ni yóò máa dúró. Baba rẹ̀ tí ó bá gbà á gbọ́, rírà ni yóò máa rà. Láàárín dídúró àti rírà yìí ni ohun tí a fẹ́ kó jọ ń kú.

A kò fi ọ̀rọ̀ ṣeré bí a ti wí pé ó ń kú. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọmọkùnrin tí ó ní láákàyè, lọ sí ìlú ìyá rẹ̀ nígbà ìsinmi, ó sì fi fóònù rẹ̀ gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀ bí ó ti ń ki àwọn ọmọ Ìrẹsà, fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí ó padà dé, ó mú díẹ̀ nínú rẹ̀ wá sí etí wa. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí a kò tíì rí nínú ìwé kankan tí a kà. A wí fún un pé kí ó mú ìwé àti gègé, kí ó jókòó, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an. Ó dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ má bínú, sà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti ṣèlérí kọ̀ǹpútà alágbèéká fún mi, bí ó bá dé, n ó ṣe é dáradára." Kọ̀ǹpútà náà dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé, fóònù ti kọ̀ kò tàn mọ́, ẹni tí ń tún fóònù ṣe sì ti nu gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ dànù kí ó lè jí i. Ìyá àgbà pàápàá ti wà ní ilẹ̀ ní ìgbà náà. Gbólóhùn mẹ́rin ni ó kù, èyí tí àwa àti ọmọ náà fi orí rántí.

Ẹ ò rí i pé kì í ṣe àìsí ẹ̀rọ ni ó pa iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ tí ó gba ohùn náà ṣe tirẹ̀ láṣepé. Ìrètí ẹ̀rọ mìíràn ni kò jẹ́ kí ọwọ́ kan ìwé.

Bí a bá bojú wẹ̀yìn, a ó rí i pé àwọn tí iṣẹ́ wọn kù fún wa kò dúró de ohun èlò tí ó dára jù lọ. Ní ọdún 1900 ni ilé-iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà gbé àpótí àwòrán kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní Brownie. Dọ́là kan péré ni wọ́n ń tà á, ọmọdé sì lè fi í ya àwòrán. Ní ọdún 1950, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, J. D. 'Okhai Ojeikere, ra ọ̀kan nínú irú àwọn Brownie bẹ́ẹ̀, èyí tí kò tilẹ̀ ní iná. Ohun tí ó kọ́kọ́ fi kọ́ iṣẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ó rí iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ní yàrá òkùnkùn tí ìjọba ti ń fọ àwòrán, tí ó sì wá di ayàwòrán gidi ní Èkó. Láti ọdún 1968 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun dídì àti irun kíkó àwọn obìnrin wa, kì í ṣe pé ẹnìkan fi í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ fún un, bí kò ṣe pé ó wù ú, ó sì rí i pé irun kì í pẹ́ lórí. Lójú títì, níbi iṣẹ́, níbi ìnáwó, níbikíbi tí ó bá ti rí orí tí ó dára, yóò tọrọ àyè, yóò sì yà á, lọ́pọ̀ ìgbà láti ẹ̀yìn. Nígbà tí ó kú ní ọdún 2014, àwọn àwòrán irun wọ̀nyí ti tó bí ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n sì ti rìn yí ká àwọn ilé àfihàn ńláńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ṣùkú, kòròbà, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, onídìídìí: àwọn ohun tí ìyá gbogbo wa ń dì ní ìta ni ó sọ di ohun ìrántí. Ẹ wo iye ọdún tí ó fi tẹ̀lé ohun kan ṣoṣo.

Ẹ wo Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó jẹ́ òjíṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ìwé láti yàrá kan dé èkejì. Ní ìgbà tí kò sí ìwé láti gbé ni ó ń kọ ìtàn. Èyí tí ó kọ nípa ọ̀mu àti adẹ́mu rẹ̀ tí ó kú ni ilé-iṣẹ́ Faber tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò dé. Ẹ wo I. B. Thomas pẹ̀lú, ẹni tí ó ń kọ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá sínú Akéde Èkó ní 1929 títí wọ 1930, bí ẹni pé obìnrin náà gan-an ni ó ń kọ lẹ́tà sí olóòtú. Oníwèé ìròyìn ni òun ní tirẹ̀, kì í ṣe aláfipawọ́; ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà nínú tirẹ̀ tí aláfipawọ́ nílò ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti pé, ìwé ìròyìn ń béèrè lẹ́tà, bóyá orí Thomas pé ni o, bóyá kò pé. Títẹ̀lé ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó bí ìwé ìtàn àròsọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kà sí àkọ́kọ́ ní èdè wa.

Nísinsìnyí, a kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé fóònù kò yàtọ̀ sí àpótí Brownie tàbí sí gègé. Ó yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà sì wà ní ọ̀nà méjì tí ó yẹ kí a wò dáadáa.

Àwọn ohun èlò àtijọ́ ń fi ipá mú ènìyàn múra sílẹ̀. Nígbà tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, tí ó sì kọ orin Yorùbá sínú àwo giramafóònù, ojú kan àwo ìgbà náà kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ẹni tí yóò dúró níwájú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní láti mọ ibi tí orin rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò parí sí. Bákan náà ni fíìmù: àwòrán 12 tàbí 36 ni ó wà nínú ìdì kan, owó ni a sì fi ń fọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ayàwòrán a máa wò lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Fóònù kò béèrè ìmúra kankan lọ́wọ́ wa. A lè gba wákàtí mẹ́ta ohùn sílẹ̀ níbi òkú àgbà kan kí a má sì tẹ́tí sí ìṣẹ́jú kan nínú rẹ̀ títí ayé. A mọ ọ̀gbẹ́ni kan, ọ̀rẹ́ wa àtàtà, tí àwòrán inú fóònù rẹ̀ lé ní ẹgbàárùn-ún. Nígbà tí a bi í pé kí ó fi àwòrán baba rẹ̀ hàn wá, ó wá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Kíkó jọ ti rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rò pé a ti ṣiṣẹ́ nígbà tí a kò tíì ṣe ju pé a kó ẹrù sí àjà.

Èkejì ni pé gègé kì í pe ènìyàn. Bí a bá gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, ibẹ̀ ni yóò wà. Ṣùgbọ́n fóònù jẹ́ ohun èlò, ó tún jẹ́ ọjà. A mú un láti fi kọ gbólóhùn kan, ìránṣẹ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dé, ti àna dé, fídíò ẹni tí ń jà ní ìlú tí a kò mọ̀ dé. Kí a tó jí, wákàtí ti lọ, gbólóhùn kò sì sí níbẹ̀. Kì í ṣe ìwà àìlera wa nìkan ni èyí, nítorí pé àwọn tí ó ṣe àwọn ètò inú rẹ̀ ń jẹ èrè lórí àkókò tí ojú wa fi wà lára rẹ̀, wọ́n sì gbọ́n púpọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ nínú ọjà ní láti mọ ìgbà tí yóò ti ìlẹ̀kùn.

Ní tiwa, òru ọjọ́ Ajé ni a ń ti ìlẹ̀kùn. Ọjọ́ Ajé ni àlùfáà ń sinmi, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú yín ti mọ̀. Láti aago mẹ́jọ dé aago mẹ́sàn-án alẹ́, a ó pa dátà, a ó mú ohun kan ṣoṣo nínú ohun tí a gbà sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà, a ó gbọ́ ọ, a ó sì fi ọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé aláwọ̀ búlúù kan. Ohùn ìṣẹ́jú mẹ́wàá a máa gbà ju wákàtí kan lọ lọ́wọ́ wa, nítorí náà ọ̀sẹ̀ mìíràn wà tí a kò parí rẹ̀. Ohun tí a bá fi ọwọ́ kọ ni a ń tẹ̀ sínú fóònù ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ó tó di aago ilé-ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mọ́kànlá ni a ti ń ṣe é, ìwé aláwọ̀ búlúù sì ti di mẹ́tàlá. Fóònù mẹ́rin ni ó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ wa láàárín ìgbà náà. Ìwé kan kò bàjẹ́, bí a bá yọ ti èyí tí ewúrẹ́ jẹ etí rẹ̀ kúrò.

Bí ohun kan bá wà tí ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ, kì í ṣe ojú àwòrán tí ó pọ̀ sí i lẹ́yìn fóònù. Ó jẹ́ pé kí ẹ̀rọ lè gbé èdè wa pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ pé ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀, ọkọ̀ kì í sì í ṣe ọ̀kọ̀. Oríkì tí a tẹ̀ láìsí àmì ohùn dà bí ìlù tí a yọ awọ rẹ̀. Àwọn àgbà tí ó jókòó ní Èkó ní 1875 láti ṣe àdéhùn lórí bí a ó ti máa kọ èdè yìí mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe wàhálà. Lónìí, ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ ètò tí a ń pè ní Unicode, tí a kọ́kọ́ gbé jáde ní 1991, èyí tí ó fún àmì-ìkọ̀wé gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Nínú ètò yìí, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ sì ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ẹ̀rọ ní láti kọ ẹ, kí ó sì gbé àmì òkè lé e lórí bí ẹni gbé fìlà lé orí. Bí àwọn tí ó ya lẹ́tà inú ẹ̀rọ kò bá ṣètò fún un, fìlà náà a bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó di àpótí òfìfo. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìwé tí ó gún régé lórí fóònù tiwa fi ń dé ọwọ́ òǹtẹ̀wé ní wíwọ́.

Síbẹ̀, a kò lè fi èyí ṣe àwáwí mọ́. Pátákó ìtẹ̀wé ti Google tí ó wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù ní Yorùbá nínú, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìṣẹ́jú méjì kò pé tí a ó fi yàn án. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ráhùn pé ó ń fa ọwọ́ sẹ́yìn. A fèsì pé ohun tí ó dára nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ó ní láti dúró béèrè bóyá òkè ni ohùn yìí lọ tàbí ìsàlẹ̀, ó ti ń gbọ́ ohun tí ó ń kọ.

Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ kò gbà wá ní àkókò púpọ̀, nítorí pé àpẹẹrẹ kan ti tó. Àlùfáà Samuel Johnson, pásítọ̀ Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, ó sì fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé náà sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìfi ojú kàn án. Bí kò bá ṣe pé àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ àtẹ̀yìnwá kù nílé, tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, sì fi wọ́n tún ìwé náà kọ, a kì bá tí ní èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1921, tí gbogbo wa ń tọ́ka sí nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ oyè bá di àríyànjiyàn. Fóònù kan kì í ṣe ibi ìpamọ́. Kí ẹ̀dà kan wà nínú ìwé, kí ọ̀kan wà nínú fláàṣì, kí ọ̀kan sì wà ní ilé ẹlòmíràn.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀rọ̀ wa le jù, pé àwọn iṣẹ́ kan wà tí ẹ̀rọ kékeré kò lè ṣe. Òtítọ́ ni. Etí fóònù ni a ṣe fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí a bá gbé e síwájú ìlù dùndún, ó lè ka ìyáàlù sí ariwo, kí ó sì máa tẹ̀ ẹ́ rì. Bí a bá tún fi ohùn náà ránṣẹ́ bí ohùn WhatsApp, yóò fún un mọ́lẹ̀ sí i. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìlù sílẹ̀, kí ó ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré tí a ń kì bọ fóònù, kí ó tó ronú fóònù mìíràn. Ti ẹ̀rọ tuntun tí ń kọ ewì fúnra rẹ̀ bí a bá ti bi í léèrè, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mú wá fún wa láti bí ọdún mélòó kan, a kò ní sọ púpọ̀. A ti ka díẹ̀ nínú ewì náà. Ó ń kí gbogbo ilé bákan náà, bí àlejò tí kò mọ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣọ̀fọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ìjòyè wa, ọ̀dọ̀ yín gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ń bọ̀. Ní ìparí ọdún, ẹ máa ń fún àwọn ọmọ tí ó ṣe dáradára ní ẹ̀bùn, a sì ti rí i pé fóònù ni ẹ̀bùn náà ń jẹ́ nísinsìnyí. Inú àwọn ọmọ ń dùn, a kò sì fẹ́ bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn kò ní kì í ṣe fóònù. Wákàtí kan lọ́dọ̀ yín ni wọn kò ní. Àwọn tí ó mọ oríkì ilé yín, tí ó mọ ìdí tí a fi ń pe igun ọjà báyìí ní orúkọ tí a ń pè é, wọn kò pọ̀ mọ́, a sì mọ iye òkú tí a ti sin nínú wọn láti ọdún tí ó kọjá. Kí ìjòyè kọ̀ọ̀kan yan ọ̀dọ́ kan nínú agbolé rẹ̀, kí ó ra ìwé líle kan fún un pẹ̀lú fláàṣì méjì, kí ó sì jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ọmọ náà fi fóònù tí ó ní gbà á sílẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ jáde kí oṣù tó parí. Bí oṣù mìíràn bá wọlé tí ọmọ kò tíì kọ ti èṣí, kí bàbá má sọ tuntun fún un.

A ti bá olóòtú ìwé yìí sọ̀rọ̀, ó sì gbà láti máa fi ojú-ìwé kan sílẹ̀ lóṣooṣù fún ohun tí ó bá wá láti agbolé. Kí ẹni tí yóò fi tirẹ̀ ránṣẹ́ kọ ọ́ sí ojú kan ìwé nìkan, kí ó fi àmì ohùn sí i, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́, ìlú rẹ̀, àti ọjọ́ tí a gbà á. A kò béèrè irú fóònù tí a fi gbà á.